Ẹ̀là Igi Lẹ́yìn Ààrò

Ẹja márùn-ún ló kù lórí tábìlì Job Vatcher tí ẹnikẹ́ni kò là. Wọ́n ti gé orí wọn, wọ́n ti kó ìfun wọn dànù, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn ṣì wà nínú wọn, eṣinṣin sì ti bò wọ́n. Nínú èyí tó wà lókè, ọ̀bẹ ti rìn dé ìdajì, ó sì dúró síbẹ̀.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí omi òkun fà sẹ́yìn, ni wọ́n ti rí Job fúnra rẹ̀ lábẹ́ ilé ẹja náà, láàárín àwọn òpó, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́. Òkú rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò rẹ̀, Ambrose, wà nínú àká iyọ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin èbúté Lockyer tì í mọ́. Ọkọ̀ ọlọ́pàá wa ni yóò gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní St. John's tí omi bá kún lọ́sàn-án. Ẹni tí wọ́n bá sì gbé lọ síbẹ̀ nítorí ìpànìyàn, okùn ló ń dúró dè é.

Sàjẹ́ǹtì Piercey kò tíì wo ibi tí òkú bọ́ sí. Ó ju súìtì mínńtì kan sẹ́nu, ó ń wo ẹja.

"Esau," ó pè mí, "ìgbà wo lọkùnrin yìí kú?"

Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá nígbà náà. Ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ mi. Mo ní, "Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọ̀gá. Kílẹ̀ tó ṣú."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹja ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní etíkun wa, kọ́ọ̀dù nìkan là ń pè ní ẹja. Àwọn yòókù ní orúkọ tiwọn. Ẹja tí a bá pa ní Sátidé, ní Sátidé là ń là á, nítorí kò sẹ́ni tí í fi ọ̀bẹ kan ẹja lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bó bá sì di Mọ́ńdè, ó ti bàjẹ́. Ní ọdún tó jẹ́ àgbá ìyẹ̀fun kan ṣoṣo la ní fún gbogbo ìgbà òtútù, mo rí bàbá mi tó ń la ẹja pẹ̀lú ibà lára, tí ìyá mi di ìbàdí rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn kó má baà ṣubú. Bí Job bá wà láàyè títí ilẹ̀ fi ṣú, inú iyọ̀ ni ẹja márùn-ún yẹn ìbá wà.

"Ẹja kì í parọ́," Sàjẹ́ǹtì wí. "Kí wá ni làǹtánì yìí ń wá níbí?"

Làǹtánì kan wà nílẹ̀, létí àlàfo. Ilé ẹja náà jẹ́ ilé pákó tó dúró lórí òpó nínú omi, ti bàbá Job àti Ambrose ni. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ méjèèjì fi ayùn gé e láàárín láti orí òrùlé dé ilẹ̀, wọ́n sì yọ pákó ilẹ̀ tó wà láàárín kúrò, kí ẹsẹ̀ ẹnì kan má baà ṣèèṣì tẹ tẹnì kejì. Àlàfo náà fẹ̀ tó èyí tí ènìyàn lè gbà já sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni Job gbà.

Ọkùnrin tó mú wa wọlé ló dáhùn. Garland Hiscock lorúkọ rẹ̀, ará Sunker ní òdìkejì omi, tó ti ń bá Job ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ló ń gé orí ẹja, Job ló ń là.

"Ọ̀gá mi, Bàbá Job, ní àwọn á dá márùn-ún tó kù là. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbí, oòrùn ṣì wà lórí òkè. Mo lọ jẹun nílé Màmá Drusilla tí mò ń gbé. Èrò mi ni pé ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ mú làǹtánì nílé, ẹsẹ̀ wọn sì yọ̀. Àfìgbà tí àwọn èèyàn rí ọ̀bẹ."

"Ọ̀bẹ wo?"

"Èyí tó wà lórí tábìlì. Ẹ ò rí okùn aláwọ̀ sánmà tí wọ́n wé mọ́ èèkù rẹ̀? Ti Ambrose ni. Gbogbo èbúté ló mọ̀ ọ́n. Ọdún méje rèé tí òun àti Bàbá Job ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wá ni ọ̀bẹ Ambrose ń ṣe lápá ibí?"

"Ìwọ fúnra rẹ ò rí i lọ́wọ́ Job nígbà tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́?"

"Èmi? Ojú ẹja ni mò ń wò, Sàjẹ́ǹtì."

Sàjẹ́ǹtì na ọwọ́ sókè sí fìtílà tí wọ́n gbé kọ́ sórí tábìlì, ó fọwọ́ kan òwú rẹ̀. Òwú tuntun ni, funfun báláú. Ó gbé làǹtánì ilẹ̀ mì létí. Epo kún inú rẹ̀ dé ọrùn. Lẹ́yìn náà ló rí pákó kan tí wọ́n gbé ti ògiri, tuntun, tí ìṣó méjì ti wọ orí rẹ̀ dé ìdajì.

"Ti kí nìyí?"

"Ó... ó jọ pé wọ́n fẹ́ fi tún ilẹ̀ ṣe."

"Ilẹ̀ ibo? Kò síhò nílẹ̀ yìí, àfi èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gé."

Garland wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Bàbá Job kì í sọ inú wọn fún èèyàn."

*

Selina, ìyàwó Ambrose, ló dúró lẹ́nu àká iyọ̀ pẹ̀lú kẹ́tùrù tíì àti búrẹ́dì nínú aṣọ. Ó tẹjú mọ́ Sàjẹ́ǹtì.

"Ṣé ẹ máa mú un lọ ni?"

"Ọkọ̀ mi ṣì wà ní dídè, ìyá."

"Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mò ń bi yín, ẹ ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi fún mi."

Sàjẹ́ǹtì ṣí fìlà. "Ó dáa. Bí omi bá kún tí n kò rí ẹlòmíì, mo máa mú un lọ."

"Ó dáa náà. Ó kéré tán, ẹ ò purọ́ fún mi." Ó gbé kẹ́tùrù lé mi lọ́wọ́, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ambrose jókòó lórí iyọ̀ bí ẹni jókòó sórí yìnyín. Ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára àwọn ọwọ́ náà.

"Ọ̀bẹ mi ni," ó wí kí a tó béèrè.

"Báwo ló ṣe dé tábìlì Job?"

"Mo jù ú sí i."

"Kó lè gún un?"

"Kó lè fi la ẹja! Sàjẹ́ǹtì, ẹ dákun. Ní Sátidé, ó dúró létí àlàfo lọ́hùn-ún, ó ní, 'Ambrose, ọ̀bẹ mi ò mú mọ́. Ju tìẹ wá.' Ọdún méje! Kò kí mi, kò béèrè ọmọ. Ọ̀bẹ ló béèrè."

"Kí lo wí?"

"Mo ní, 'Gbà á. Má fi gé ara ẹ o.' Mo jù ú. Mo bá wọlé lọ, torí mi ò mọ ohun tí ojú mi fẹ́ máa ṣe."

"Garland gbọ́?"

"Ó ti lọ bu iyọ̀."

"Kí ló fa ìjà yín gan-an?"

Ambrose ní, "Ẹni tó bá ń fi lílà ṣiṣẹ́ ṣe, kò sóhun tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè là. A la ẹja, a la igi, a la ilé ẹja, a pín ọgbà ọ̀dùnkún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì. Ohun tó fà á? Tí ẹ bá rí ẹni tó rántí, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

A jáde. Sàjẹ́ǹtì fọ́ súìtì sábẹ́ eyín.

"Ó lè jẹ́ irọ́, ọ̀gá," mo wí.

"Ó lè jẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́. Ojúmọmọ ni Job kú. Fìtílà orí tábìlì rẹ̀ ò tíì tan rárá. Ẹnì kan wá gbé làǹtánì síbẹ̀ kó lè dà bíi pé òkùnkùn ló ṣe é. Ọkàn ẹni yẹn balẹ̀ tó láti lọ gbé làǹtánì wá. Bó bá jẹ́ Ambrose ni, kí ló kọ́kọ́ máa ṣe?"

Mo rò ó. "Á mú ọ̀bẹ ara rẹ̀ kúrò lórí tábìlì."

"Ẹni tó gbé làǹtánì síbẹ̀ ò mọ̀ pé ọ̀bẹ Ambrose lọ̀bẹ yẹn. Nígbà tí wọ́n wá rí i, ó kàn gbà á bí ẹ̀bùn ni. Jẹ́ ká lọ wo ibi tí làǹtánì ti wá."

*

Ilé Job ò jìnnà sí omi. Kò níyàwó, kò bímọ. Ìṣó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sí nǹkan lára rẹ̀. Àmì róbótó làǹtánì ṣì wà lára ògiri lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa rí i. Ààrò irin tutù bí òkúta.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ẹ̀yìn ààrò. Kò sẹ́ni tó ní kí n wò ó. Bí a ṣe ń wọ ilé nìyẹn ní ìlú wa. Ìdì ẹ̀là igi wà níbẹ̀, wọ́n tò ó dáadáa.

Ní alaalẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó sùn, wọ́n ti gbọ́dọ̀ la igi wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ààrò fún iná òwúrọ̀. Bí ilé jó, bí òkú sùn nínú ilé, a ó la igi. Ní ọdún tí ẹsẹ̀ bàbá mi kán, tí igi gbígbẹ tán nínú ilé wa, ẹsẹ̀ ibùsùn ọmọ ni ìyá mi fi dáná. Mo ṣì mọ èyí tó kọ́kọ́ yọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo mú ọ̀kan. "Ọ̀gá, oje igi ṣì wà lára rẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

Sàjẹ́ǹtì kúnlẹ̀. Ẹni tó la igi yìí ò fi mọ sí lílà. Ó ti fi ọ̀bẹ fá etí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì jẹ́ kí ìfá náà ká jọ sórí rẹ̀ láìjá, bí irun ọmọge tí wọ́n fi iná ká.

"Job jí ní Sátidé," ó wí díẹ̀díẹ̀, "ó fi ẹ̀là igi tó wà nílẹ̀ dáná, ó sì lọ sókun. Ó gbé oúnjẹ dání. Láti ojú omi ó bọ́ sí ilé ẹja, láti ilé ẹja ó bọ́ sí ọ̀run. Kò padà wálé. Ta ló wá la igi fún un?"

Ó rán mi lọ bá Selina. Mo mú ẹ̀là igi kan bọ̀ láti ẹ̀yìn ààrò rẹ̀: ó kúrú, ó ki, igun mẹ́ta, kò sí ohun tó ká lórí rẹ̀.

"Ó ní bí bàbá wọn ṣe kọ́ Job àti Ambrose nìyẹn," mo wí. "Bàbá náà máa ń sọ pé igi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, inú iná ló ń lọ, kí ni ó fẹ́ fi oge ṣe?"

Sàjẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó kó gbogbo ìdì ẹ̀yìn ààrò sínú kóòtù rẹ̀.

*

Màmá Drusilla Pope jẹ́ opó, ẹnu rẹ̀ ò sì sinmi. Kí a tó jókòó ló ti ń ṣàlàyé ìdí tí tíì fi pẹ́.

"Ẹ má bínú o, ìdáná ilé yìí ti dorí kodò látàná. Ayé ò dára, wọ́n pa Job, ó wá jẹ́ pé èmi ni n ò rí ẹ̀là igi kan ṣoṣo lẹ́yìn ààrò láàárọ̀ Sọ́ńdè! Sọ́ńdè o! Èmi àgbàlagbà yìí, èèpo igi ni mo jókòó tí mò ń fàya bí ẹran ehoro."

"Ta ló máa ń là á fún yín, Màmá?"

"Garland ni! Kì í gbàgbé. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ nípa ará Sunker, wọ́n mọ igi là. Ẹ wo eléyìí." Ó mú ọ̀kan láti orí pẹpẹ òkè ààrò. "Mo tọ́jú rẹ̀ nítorí ẹwà ni. Ẹ wo orí rẹ̀ bó ṣe ká! Kò sẹ́ni tó ń là á báyìí ní Lockyer. Àwọn tibí ń là á bí ẹni tí inú ń bí."

Sàjẹ́ǹtì gbé tíì rẹ̀ mu kí ó tó dáhùn. "Ní Sátidé, ìgbà wo ló wọlé?"

"Mo ti tan fìtílà. Oúnjẹ rẹ̀ ti tutù. Mo ní, 'Garland, ọkọ mi, ṣé ẹja ló gbé ọ mì ni?' Kò rẹ́rìn-ín. Ó jẹun, ó lọ sùn. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́." Ó wo igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Sàjẹ́ǹtì. "Kí lẹ fi ń béèrè?"

"Tíì yín dùn, Màmá," Sàjẹ́ǹtì wí.

*

A pe Garland wá sí ilé Job. Ojú rẹ̀ yá nígbà tó ń wọlé.

"Ṣé ẹ ti ń múra lọ ni? Omi ti ń kún."

"Ó kù díẹ̀. Òtútù mú mi. Bá mi dáná sí ààrò yìí ná."

"Ilé òkú nìyí, Sàjẹ́ǹtì."

"Òkú ò sí ńbí. Èmi ni òtútù ń mú. Ìgbà wo lo ti wọ ilé yìí kẹ́yìn?"

"Ọjọ́bọ̀. Mo wá mú àwọ̀n."

Kò sí igi wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ààrò. Garland bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó dúró díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú àáké, ó la igi kan sí mẹ́rin. Ó yọ ọ̀bẹ ìbàdí. Ọwọ́ tó bá ti mọ iṣẹ́ kì í bi orí léèrè: ọ̀bẹ gòkè, ìfá ká jọ, ó gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ká jọ. Ó ti ṣe ẹ̀kẹta kí Sàjẹ́ǹtì tó na ọwọ́ sínú kóòtù, tó sì gbé ẹ̀là igi kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ìbejì ni wọ́n.

Garland ò gbójú sókè. "Ẹnikẹ́ni lè là á báyìí."

"Ní Lockyer?"

"Ó dáa, èmi ni. Mo là á fún Bàbá Job ní Fúráìdè."

"O ní Ọjọ́bọ̀ lo wọlé kẹ́yìn."

"Mo gbàgbé ni. Fúráìdè ni."

"Tó bá jẹ́ Fúráìdè, Job ìbá ti fi dáná ní Sátidé. Ṣé ará Sunker máa ń to ẹ̀là igi jọ de ọ̀túnla ni? Kódà ká ní ó ṣẹ́ kù, iná Sátidé ìbá ti gbẹ ẹ́. Fọwọ́ kàn án. Ó ń lẹ̀." Ohùn Sàjẹ́ǹtì ò ga sókè rárá. "O wá gbé làǹtánì lọ. Kí ló dá ọ dúró?"

Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ Garland. Mo sún mọ́ ọn. Ó gbé e sílẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, sórí igi.

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lójú ọ̀nà," ó wí. "Mo jókòó kí wọ́n lè kọjá, kílẹ̀ sì tún ṣú díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kò sí igi lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò rò ó. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rántí pé mo là á."

"Nígbà tó o délé Màmá Drusilla, ọwọ́ rẹ rò pé òun ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ tán."

Garland fi ọwọ́ bo ojú.

"Pákó yẹn," Sàjẹ́ǹtì wí.

"Bàbá Job ní kí n dì í mú, àwọn fẹ́ kan ìṣó. Mo ní fún kí ni? Wọ́n ní àwọn fẹ́ so ilé náà padà, kí Ambrose máa wá la ẹja lórí tábìlì yìí. Sàjẹ́ǹtì, tábìlì yẹn, wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ pé tèmi ni lẹ́yìn wọn! Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi gé orí ẹja fún wọn. Mo ní, 'Èmi ńkọ́?' Wọ́n ní, 'Ìwọ á máa gé orí.' Wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Mo tì wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú, mo kàn fẹ́ kí wọ́n wojú mi."

"O sì jẹ́ kí wọ́n ti àbúrò rẹ̀ mọ́lé dípò rẹ."

Garland kó igi tó là jọ, ó tò ó sẹ́yìn ààrò.

*

Omi kún lọ́sàn-án. Nígbà tí a ń mú Garland lọ sínú ọkọ̀, Màmá Drusilla dúró lójú ọ̀nà. Ó mú ẹ̀là igi orí pẹpẹ rẹ̀ dání.

Selina ló ṣí ilẹ̀kùn àká iyọ̀ fúnra rẹ̀. Sàjẹ́ǹtì ṣàlàyé fún Ambrose. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ pákó, Ambrose dá a dúró.

"Ó ti kan ìṣó sí i?"

"Méjì. Wọ́n wọlé dé ìdajì."

Ó mi orí. Ó lọ.

Mo tan ẹ̀rọ ọkọ̀, a fi èbúté sílẹ̀. Láti ojú omi, a rí Ambrose nínú ilé ẹja, lápá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kó ẹja márùn-ún tó ti bàjẹ́ sómi, ó fọ tábìlì. Ó gbé pákó náà, ó nà án sórí àlàfo, a sì gbọ́ ìró òòlù lórí omi lẹ́yìn tí apá rẹ̀ ti gòkè. Gígùn rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ó dúró sáàárín rẹ̀ gan-an, kò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì.

Kí a tó yípo orí àpáta, èéfín jáde láti ilé Job. Ó dájú pé Selina ló wà níbẹ̀. Wọ́n máa gbé òkú wálé lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Garland yíjú wò ó. "Àwọn igi tí mo là láàárọ̀ yìí ni wọ́n fi dáná yẹn," ó wí. "Wọ́n máa ń tètè gbiná."

Sàjẹ́ǹtì fa súìtì kan yọ nínú àpò, ó nà án sí i. Garland gbà á, ṣùgbọ́n kò jù ú sẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ ló pa dé lórí rẹ̀ títí a fi dé.